Ilẹ̀kùn tí Wọn Ò Fẹ́ Kí A Rí

Wọ́n ní kí n ya ilé kékeré kan,
ibi tí àlejò yóò kọ́kọ́ yà sí, tí yóò ti ra tíkẹ́ẹ̀tì
kó tó sọ̀kalẹ̀ sínú ihò abẹ́ ilẹ̀
tó wà lẹ́yìn agbo ilé Alámọ̀, l'Ógbòmọ̀ṣọ́,
níbi tí Láṣùpọ̀ bíríkìlà ti ń gbẹ́ ṣalángá lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn
tí dígà rẹ̀ já sínú òfìfo.
Ó ní òun gbọ́ tí ilẹ̀ mí.
Ó ní atẹ́gùn tó jáde tutù bí omi àmù,
ó sì ń rùn bí eérú.

Mo ya èkíní: gíláàsì, irin, òpó funfun mẹ́rin.
Ọ̀gá tó wá láti Ìbàdàn pàtẹ́wọ́.
"Kí wọ́n máa rí i láti títì ni o,
kí ẹni tó ń lọ sí Ìlọrin tẹ búréèkì!"
Mo ká bébà mi, mo lọ sílé,
ọkàn mi ò balẹ̀.

Nítorí mo ti wọ inú ihò náà.
Ojú ọkọ́ ṣì wà lára amọ̀ bí ẹni pé àná ni wọ́n gbẹ́ ẹ.
Ibi tí wọ́n ń gbé fìtílà sí dúdú.
Pèpéle amọ̀ yí ògiri ká, ó ń dán;
ìdí ènìyàn ló dán an.
Ilẹ̀ tó bo àjà rẹ̀
kò nípọn ju gíga ọmọ ọdún mẹ́fà lọ.
Òpó mi mẹ́rin ì bá wó lé e lórí.

Ìyá Àrìnọlá, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ó lé díẹ̀,
bá mi sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi kajú:
"Ìyá bàbá mi ní ìdí ààrò ni ẹnu rẹ̀ wà nígbà ogun.
Wọ́n á gbé ìkòkò kúrò, wọ́n á gbá eérú sẹ́gbẹ̀ẹ́,
wọ́n á ṣí pákó, àwọn ọmọ á kọ́kọ́ wọlé.
Obìnrin kan ṣoṣo ní í ṣẹ́ kù lókè.
Òun ní í dá pákó padà, tí í dáná,
tí í máa ro ọkà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.
Bí ẹlẹ́ṣin bá dé, òun nìkan ni wọ́n á bá."
Mo bi í léèrè orúkọ obìnrin náà.
"Wọn ò dá a fún mi.
Wọ́n kàn ní lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá, ọkà rẹ̀ máa ń ní kókó."

Báwo ni mo ṣe fẹ́ yà á?
Ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣe kí ojú má tó o,
èmi ni wọ́n ń sanwó fún pé kí n tọ́ka sí i.

Mo pa èkíní rẹ́. Mo ya èkejì ya.
Ẹ̀yìn ẹ̀kẹta lọmọ mi ti ṣe iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀.
Ẹ̀kẹrin kéré, kò ju ilé ìdáná lọ:
ògiri amọ̀, páànù tó ti dógùn-ún,
òrùlé tí ò ga tó ẹ̀ka kajú,
àtẹ́rígbà tó wálẹ̀ débi tí olówó pàápàá yóò tẹrí.
Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ò fara kan àjà ihò;
mo gbé e ka òkúta níhà méjì,
bí ẹni tó rọra ń ré ẹni tó sùn kọjá.
Láàárín gbùngbùn, ààrò. Ibẹ̀ ni àtẹ̀gùn ti bẹ̀rẹ̀.

Mo tẹ́ bébà síwájú Ìyá Àrìnọlá.
Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó fi ìka tọ ìlà títí, ó wá dúró.
"Ibí ni wọ́n á gbà wọlé."
"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá."
"Ta ni yóò sọ fún wọn pé ó ti tó kí wọ́n jáde?"

N ò ní èsì.
Wíwọlé ni mo ti ń rò láti oṣù mẹ́jọ.
Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lobìnrin náà máa ń fi orógùn kan etí ìkòkò.

Lóru ọjọ́ náà mo tún tan iná,
mo ya àpótí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ìjókòó ẹnì kan,
mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀
pé kí òṣìṣẹ́ kan máa jókòó síbẹ̀ tòun ti orógùn.
Ọ̀gá láti Ìbàdàn á béèrè iye tí yóò ná wọn.
N ò tíì mọ iye tí mo máa kọ.